Wọ́n Ní Bàbá Mi Ń Bínú

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ẹni tó ti lọ ṣáájú ló ti fi òtútù halẹ̀ mọ́ mi, mo sì ti múra sílẹ̀ dè é. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé lọ́jọ́ kejì tí mo dé Leeds, mo pàdé obìnrin àgbàlagbà kan lórí àtẹ̀gùn ilé tí mo wọ̀ sí. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ mi ní Ìgbẹ̀ìn, àdúgbò wa l'Ábẹ́òkúta, mo sì kí i ní èdè tirẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé ògiri ni mí. Mo padà sínú yàrá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wá ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí a kí tí kò jẹ́, inú ń bí i ni. Kò lọ́nà méjì. Ojú tó le, ohùn tó lọ sílẹ̀, ẹ̀rín tí kò wá: ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ohun tí wọ́n túmọ̀ sí, á sì ti mọ ibi tí yóò sá gbà. Mo gbé ìmọ̀ yìí dání wọ òkèèrè. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé èmi àti bàbá mi jẹ́.

Ọdún tí àwọn ṣójà ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá ni mo kúrò l'Ábẹ́òkúta. Bàbá mi ló rán mi. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Ọ̀gá. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára débi pé bó bá kọ nǹkan sójú pátákó, tíṣà tó bá gba kíláàsì lẹ́yìn rẹ̀ kì í fẹ́ nù ún. Ìyá mi ti kú nígbà náà, àbúrò mi obìnrin, Mojí, ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí Bàbá fẹ́ kò ṣòro yé: kí n kọ́ òfin, kí n padà wá di lọ́yà, kí orúkọ wa wà lára ilé kan ní Aké.

Mo forúkọ sílẹ̀ fún òfin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kàwé náà á jẹun, mo sì wá iṣẹ́ kún un. Iṣẹ́ tí mo rí ni ìgò fífọ̀ ní ilé ìwádìí kan tí wọ́n ti ń yẹ ọpọlọ wò.

Ọ̀gá mi níbẹ̀ ni Jean, obìnrin tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n máa pe òun ní Jean. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó ju ìyá mi lọ, kí n máa pè é lórúkọ bí ẹni ń pe ewúrẹ́? Mo ń pè é ní Àǹtí Jean. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, gbogbo ilé ìwádìí ti ń pè é bẹ́ẹ̀, títí kan ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni ibẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún, iṣẹ́ wọn dàrú. Ohun tí wọ́n wọ̀n lónìí, wọ́n á tún un wọ̀n lọ́la, kò ní í bára mu. Wọ́n tú ẹ̀rọ palẹ̀, wọ́n tún un tò. Wọ́n yí iyọ̀ padà. Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, èmi sì ń fọ ìgò mi. Lọ́jọ́ kan mo bu omi mímọ́ sínú ìgò kan tí ẹlòmíràn ti fọ̀ sílẹ̀, mo dí i lẹ́nu, mo mì í. Ó hó ìfófòó. Mo gbé e lọ bá Àǹtí Jean, mo ní, "Ọṣẹ tuntun yín kì í tán lára ìgò. Omi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kò tó, ẹ̀ẹ̀meje ni."

Ó wo ìgò náà, ó wò mí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, iṣẹ́ wọn tọ́. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti jẹ́ kí n fọ ìgò nìkan mọ́.

Bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn ni iṣẹ́ ilé náà. Àǹtí Jean jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ya àwòrán sẹ́yìn bébà.

"Wọn kò fara kan ara wọn," ó wí. "Àlàfo wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n àlàfo ni. Iná kékeré kan lè sáré láti orí sẹ́ẹ̀lì dé ìpẹ̀kun rẹ̀, àmọ́ kò lè fo àlàfo yẹn. Ìránṣẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ń rán kọjá."

Ìránṣẹ́ tí àwa ń lé kiri ni wọ́n ń pè ní dópámìn. Inú oúnjẹ ni ohun tí a fi ń ṣe é ti ń wá: ẹran, ẹyin, ẹ̀wà. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì á gbà á wọlé, á yí i padà lẹ́ẹ̀kan, á di dópà, á tún un yí lẹ́ẹ̀kejì, á di dópámìn. Kò ní í fi í sílẹ̀ gbalasa, torí pé yóò bàjẹ́. Á kó o sínú àwọn àpò tíntìntín, á tò wọ́n jọ síbi tó ti dojú kọ àlàfo, á sì dúró.

"Ó ń dúró de kí ni?" mo bi í.

"Iná yẹn. Bí iná bá dé, ìlẹ̀kùn á ṣí, kálísíọ̀mù á rọ́ wọlé, àwọn àpò á lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á là, wọ́n á da ìránṣẹ́ sínú àlàfo. Á lọ kanlẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì kejì. Bó bá ti jíṣẹ́ tán, sẹ́ẹ̀lì tó rán an á tún fà á padà, á tún un dì sínú àpò. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ẹlẹ́kọ ni ìyá bàbá mi. Á sè é, á pọ́n ọn sínú ewé, á tò ó sínú igbá, á jókòó tì í. Kò ní í tú ewé kan títí oníbàárà yóò fi pè é. Àǹtí Jean bi mí pé kí ni ẹ̀kọ, àlàyé yẹn sì gba gbogbo ọ̀sán wa.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kí ènìyàn tó gbé ọwọ́, kó tó rìn, kó tó rẹ́rìn-ín, ìránṣẹ́ kan ti gbọ́dọ̀ rìn ṣáájú. Mo ń ka òfin lálẹ́, n kò mọ ohun tí mò ń kà. Nígbà tí ọdún kejì parí, mo fi òfin sílẹ̀, mo forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, mo sì kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin sí Bàbá. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì, àpò, àlàfo, bí mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín yìí. Mo ní kí ó foríjì mí.

Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù méjì. Ìlà mẹ́ta péré ni: "Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo gbọ́. Kí Ọlọ́run ṣe é ní rere." Ó kọ ọ́ wínníwínní sí igun bébà, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i kà. Bàbá mi tí ń kọ̀wé gàdàgbà! Mo kà á lórí àtẹ̀gùn, mo tún un kà.

Ilé lọ́yà kan ní Aké ni mo máa ń pè lọ́sàn-án Sunday, lẹ́yìn ìsìn, torí òun ló ní tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́; Bàbá àti Mojí á ti dúró dè mí níbẹ̀. Àǹtí Jean ló fún mi láyè láti máa lo tirẹ̀, ní ilé ìdáná rẹ̀. Bí Bàbá bá gba fóònù, ohùn rẹ̀ á jìn, á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní í lọ sókè, kò ní í lọ sódò. "Ṣé àlàáfíà ni." Ó ti tán. Mojí á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́ o," ni Mojí wí lọ́jọ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Bàbá ti ń gbéraga. Èèyàn á kí wọn, wọ́n kàn á máa woni ni. Ọ̀rọ̀ yín ló ń dùn wọ́n."

Bí ọmọ Yorùbá bá ṣẹ òbí rẹ̀ tí kò sí nítòsí, ó mọ ohun tó kàn. Á rán àgbà lọ bẹ̀bẹ̀. Mo kọ̀wé sí àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, tí a ń pè ní Bàbá Ewékorò. Ó kó àgbà mẹ́rin jọ, wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn ní pálọ̀. Bàbá ní, "Ó ti tán." Bàbá Ewékorò sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ẹnu lásán ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Mo wo ojú yẹn, kò mì."

Wọ́n tún lọ, pẹ̀lú ìyàwó àwọn àgbà. Bàbá ní ó ti tán. Ojú kò mì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n mú àlùfáà dání. Àlùfáà gbàdúrà, gbogbo wọn ṣe àmín, Bàbá náà ṣe é, ojú rẹ̀ sì le bí ọpọ́n. "Àjò kì í dùn kí onílé má relé," ni Bàbá Ewékorò wí. "Padà sídìí òfin tí wọ́n rán ẹ lọ kà, kó o wálé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbá rẹ á kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí nínú."

Mo gba fọ́ọ̀mù láti padà sídìí òfin. Mo fi í sínú báàgì, ó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ara mi kò gbà á. N kò rò pé mo ṣe aburú kankan, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè jẹ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ kú pẹ̀lú ìbínú sí i nínú. Ìgbà yẹn ni ìlú òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣú lójú mi. Níbi tí mo wà, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí débi tí yóò fi bá mi jà. Níbi tí wọ́n ti mọ̀ mí, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo bi ara mi pé níbo gan-an ni mo ti jẹ́ ọmọ ẹnì kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ dá fọ́ọ̀mù náà padà, dókítà kan wá bá ilé ìwádìí wa sọ̀rọ̀. Ó gbé fíìmù kan wá, ti àwọn aláìsàn rẹ̀. Mo ní kí n wo díẹ̀ kí n tó lọ. Ọkùnrin kan jáde lójú aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri, òyìnbó, ó ń rìn. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò jù. Wọ́n sọ̀rọ̀ kan tó pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín, òun wò wọ́n, ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. Dókítà ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe dópámìn, tó wà níbì kan tó dúdú nísàlẹ̀ ọpọlọ, ló ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí yóò ṣe ìránṣẹ́, kò sí ohun tí wọn yóò dì sínú àpò. Iná dé, àlàfo wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó kọjá. "Ó ń rẹ́rìn-ín nínú," ó wí. "Ẹ̀rín náà ni kò rí ọ̀nà dé ojú."

Wọ́n wá fún ọkùnrin náà ní kálámù. Ó bẹ̀rẹ̀ ìlà kan dáadáa, lẹ́tà ń kéré, ń kéré, títí ó fi di wínníwínní ní ìparí.

Mo dìde. N kò mọ̀ pé mo pariwo. Wọ́n ní mo ní, "Bàbá mi nìyẹn!" ní Yorùbá.

Mo sáré lọ kó gbogbo lẹ́tà rẹ̀ wá láti yàrá mi, èyí tó kọ́kọ́ kọ dé èyí tó kẹ́yìn, mo tò wọ́n sórí tábìlì bí ọjọ́ wọn ti tẹ̀ léra. Àǹtí Jean mú rúlà. Ó ń wọn wọ́n, èmi ń sunkún. Láti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń kéré bọ̀, kí n tó fi òfin sílẹ̀ rárá. Kò sí ẹni tó ń bínú nínú àwọn lẹ́tà náà. Mo fa fọ́ọ̀mù yẹn ya.

Lọ́jọ́ Sunday, mo bi Mojí pé, "Bí Bàbá bá ń rìn, ṣé apá wọn méjèèjì ló ń jù?"

Ó ronú. "Ti ọ̀tún kì í jù. Wọ́n máa ń ká a mọ́ra."

"Ta ló ń dé bọ́tìnnì wọn?"

"Èmi ni," ó wí. "Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni."

Bàbá Ewékorò kò gbà. Ó ní irú àìsàn wo ni kò ní ibà, tí kò gbọ̀n, tí kì í dun ni? Mo sọ fún un pé nínú àwọn tó ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ń gbọ̀n, àwọn kan kì í gbọ̀n. Ó ní òyìnbó ti kọ́ mi ní àrífín, mo fẹ́ fi àìsàn bo ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Mo bẹ Mojí, Mojí sì mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ kan n'Ìbàdàn láì dúró gba àṣẹ. Ohun kan náà ni oníṣègùn sọ. Ó kọ oògùn tí wọ́n ń pè ní lẹfodópà fún un. Dópámìn fúnra rẹ̀ kò lè wọ ọpọlọ láti inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n dópà lè wọ̀ ọ́, ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù á wá fi ṣe ìránṣẹ́.

Oṣù kan kọjá. Oògùn kò ṣiṣẹ́.

"Mo wí bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Ewékorò wí, inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. "Ojú náà wà bó ṣe wà."

N kò gbà. Mo ti rí ìgò tó hó ìfófòó rí, mo sì mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá dàrú, ohun kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ènìyàn wá. Mo ní kí Mojí sọ gbogbo ohun tó ń ṣe fún mi, láti ìgbà tó bá jí.

"Ṣé oògùn tó le bẹ́ẹ̀ yẹn, ṣé inú òfìfo ni wọ́n á fi gbé e mì? Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ni mò ń sè fún wọn, ẹyin, ẹja, gbogbo ẹ̀. Bàbá Ewékorò ń gbé ẹran ìgbẹ́ wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Tí wọ́n bá ti yó dáadáa ni mo tó ń fún wọn lóògùn."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí dópà ń gbà wọ ọpọlọ náà ni àwọn ohun tó wá láti inú ẹran àti ẹ̀wà ń gbà. Mojí ti kó ọ̀pọ̀ èrò sẹ́nu ọ̀nà kó tó ní kí oògùn wọlé. Mo ní kí ó fi ẹ̀kọ nìkan fún un lóògùn láàárọ̀, kó dúró fún wákàtí kan gbáko, kí ẹran àti mọ́ínmọ́ín di ti ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Ewékorò gba fóònù. "Ìwọ lo ní ká má fún bàbá rẹ lẹ́ran jẹ láàárọ̀? Kí aráyé wá sọ pé ebi la fi pa á?"

"Ẹ lè máa bínú sí mi, sà," mo wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo tọrọ. Bí kò bá yí padà, mo máa wálé, mo máa ṣe ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ kò gbọdọ̀ gbé ẹran wọlé yẹn láàárọ̀."

N kò tíì sọ "ẹ kò gbọdọ̀" fún àgbà rí láyé mi. Ó já fóònù mọ́ mi létí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gùn. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo gé ọpọlọ eku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fi í sínú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì ń wo bí ìránṣẹ́ ti ń tú jáde nínú rẹ̀ nígbà tí a bá pè é. Lójoojúmọ́ ló ń jáde. Mo ní bó bá lè jáde ní ọpọlọ eku ní Leeds, á jáde ní Ìgbẹ̀ìn.

Ní Sunday kẹta, mo pe ilé lọ́yà. Mojí kò tíì kí mi tán tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀. "Gbé e fún mi. Mo ní kó o gbé e fún mi!" Ohùn náà ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?" ni Bàbá wí.

"Èmi ni, sà. Ẹ káàsán, sà."

"Lèsí ló sọ fún ẹ pé mò ń bínú?"

Kí n tó lanu, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ kó àgbàlagbà wá dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú pálọ̀ ara mi, títí kan àlùfáà! Gbogbo Ìgbẹ̀ìn ń wò mí bí òǹrorò. Mo ní ó ti tán, wọ́n ní kò tán. Ṣé kí n máa jó fún wọn ni? Ọmọ tí mo bí, tí mo rán lọ kàwé, kò lè kọ ìlà kan ṣoṣo kó bi mí pé, 'Bàbá, ṣé ẹ ń bínú?'"

"Mo rò pé tìtorí òfin ni, sà. Èsì yín kúrú."

"Ọwọ́ mi ló kúrú! Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni mo fẹ́ bi ẹ́ lórí lẹ́tà yẹn. Ta ló ń ka iye àpò tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan? Mo kà á fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlà mẹ́ta lọwọ́ mi gbà, o sì fi sọ mí di ẹlẹ́hànnà!"

Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Ewékorò ń ké. "Mojí! Mojí, wá wò ó! Iwájú orí wọn ti ká! Wọ́n ń bojú jẹ́! Ọlọ́run ṣeun o, ẹ̀gbọ́n mi ń bínú!" Mo gbọ́ tó ń pàtẹ́wọ́, tí Mojí ń sunkún.

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìdáná Àǹtí Jean, orúnkún méjèèjì. Ó sáré wọlé, ó rò pé ẹnì kan kú. Mo fi ọwọ́ júwe fún un pé kó dúró.

"Ẹ má bínú, sà," mo wí. "Mo jẹ̀bi. Ẹ foríjì mí."

"Rárá," ni bàbá mi wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná."